Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ìjókòó Ọfà, Kí Ẹ sì Pààrọ̀ Rẹ̀ Lára Ọrun Ọdẹ

Ìjókòó ọfà ni ohun kékeré tí ọfà máa ń gùn lé lókè ibi ìdìmú ọrun ìgbàlódé kí ọsán tó tì í lọ. Bó bá ṣẹ́ tàbí bó bá jẹ, ọ̀pọ̀ ló ń yọ ọ́, tí wọ́n ń fi tuntun sí i, ibẹ̀ sì ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀: ọfà á máa ya sápá òsì, ìyẹ́ rẹ̀ á máa bó, ọrun tí kì í pariwo tẹ́lẹ̀ á máa dún létí ẹtu kí ọfà tó débẹ̀. Wọn á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà náà kò ní ẹ̀bi. Wọn kò wọn ipò ti àtijọ́ kí wọ́n tó tú u ni, tàbí wọ́n fi bóòtù tí kì í ṣe tirẹ̀ há a mọ́lẹ̀, tàbí wọ́n sún nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà débi pé wọn kò mọ èyí tó fa wàhálà.

Ẹ ya wákàtí mẹ́ta sílẹ̀, ní ojúmọmọ. Bó bá jẹ́ èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ọrun lẹ fẹ́ lò, ẹ fi odindi ọjọ́ kan kún un kí gọ́ọ̀mù lè mú dáadáa. Gbogbo òsì àti ọ̀tún tí ẹ máa kà níbí, ti ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì di ọrun mú, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán ni. Ọlọ́wọ́ òsì yóò yí wọn padà.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ínṣì wọ̀n: 5/64, 3/32, 1/8, 9/64, 5/32 àti 3/16
- Rúlà irin tó ní mìlímítà, àti ìwọ̀n onígun tí káfíńtà fi ń mọ̀ bóyá igi dúró déédé
- Téèpù bébà àti pẹ́ńsù
- Álíkọ́ọ̀lù 90 láti ilé egbòogi, òwú, àti aṣọ funfun kan
- Okùn ìpẹja tín-ín-rín, bó bá jẹ́ èyí tó lẹ̀ mọ́ ọrun lẹ fẹ́ yọ
- Ẹfun lílọ̀ tàbí àtíkè
- Ìwé ìròyìn àtijọ́, férémù igi tí ẹ máa nà án mọ́, àti àpò àgbàdo tí ẹ ki àkísà sí gan-an
- Ọfà mẹ́ta tí ẹ ń lò ní tòótọ́, pẹ̀lú orí ìdánrawò tó wọ̀n bákan náà pẹ̀lú orí abẹ yín (orí mímú tí ẹ fi ń pa ẹran)
- Gọ́ọ̀mù bóòtù aláwọ̀ búlúù. Ẹ má ra pupa, nítorí pupa kì í fẹ́ tú mọ́.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ọrun ìgbàlódé, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ínṣì ni wọ́n fi ṣe bóòtù wọn, bẹ́ẹ̀ mìlímítà ni kọ́kọ́rọ́ tó kún ọjà wa ní orílẹ̀-èdè Benin, láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ. Méjì lára wọn ṣeé fi rọ́pò: 5/32 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlímítà 4, 5/64 náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2. Àwọn yòókù kò rí bẹ́ẹ̀. 3/16 jẹ́ mìlímítà 4.76, nítorí náà 5 kò ní wọlé, èyí tó bá kéré á sì máa yí nínú ihò títí á fi jẹ igun orí bóòtù náà tán. 1/8 jẹ́ 3.18, 3 á wọlé, á máa mì, ọjọ́ tí bóòtù bá le díẹ̀ ló máa yọ̀ kúrò.

Bóòtù ńlá tó ń di ìjókòó mú léwu jù. Ihò tó wà lára ìdìmú, díẹ̀ lókè pẹpẹ tí ọfà ń gbà kọjá, 5/16 ínṣì ni, eyín 24 ló sì wà nínú ínṣì kan. Bóòtù M8, irú èyí tí ẹ máa rí nínú agolo gbogbo mẹkáníìkì alùpùpù, jọ ọ́ débi pé ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nítorí 5/16 jẹ́ mìlímítà 7.94. Àmọ́ eyín wọn kò bára mu: ti M8 tó wọ́pọ̀ fi mìlímítà 1.25 jìnnà síra, ti ọrun fi 1.06. Á wọlé yípo kan tàbí méjì bí ẹni pé tirẹ̀ ni, lẹ́yìn náà á le. Ẹni tó bá rò pé ìpẹtà ló mú un le, tó fi kọ́kọ́rọ́ gígùn tì í, eyín inú ìdìmú alumíníọ̀mù ló ń fá dànù, ìdìmú sì ni odindi ọrun. Bóòtù tó bá ìjókòó tuntun wá nìkan ni kí ẹ lò. Bó bá sọnù, ẹ lo ti àtijọ́.

Ìpele 1: Ẹ mọ irú ọrun tó wà lọ́wọ́ yín

Bí kẹ̀kẹ́ bá wà ní ṣóńṣó apá méjèèjì, tí okùn ẹ̀gbẹ́ sì ń ré ara wọn kọjá lẹ́yìn ìdìmú, ọrun oníkẹ̀kẹ́ ni. Bí kò bá sí kẹ̀kẹ́, tí ọsán kan ṣoṣo so orí sí ìdí, ọrun aláìníkẹ̀kẹ́ ni. Ẹ wo ihò bóòtù. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ sábà máa ń ní in. Àwọn onígi kan kò ní, àwọn yẹn kò lè gba ohun oníbóòtù. Ẹ má gbẹ́ ihò sí ìdìmú onígi fúnra yín, ibi tó tín-ín-rín jù lára rẹ̀ lẹ máa gbẹ́ ẹ sí.

Ọrun igi ìbílẹ̀ wa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ ọdẹ ni ìjókòó ọfà tirẹ̀. Ẹ má sì gbé àṣà yẹn lọ sórí ọrun oníkẹ̀kẹ́: eré ọfà rẹ̀ pọ̀, ìyẹ́ á ya ìka.

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má tú ọsán tàbí okùn ẹ̀gbẹ́ ọrun oníkẹ̀kẹ́ nítorí ìjókòó ọfà, kò pọn dandan rárá, ẹ̀rọ ìtẹ̀ ọrun nìkan ló sì ń tú u láìléwu. Ẹ má sì fa ọsán kí ẹ jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀, kódà láti dán ìjókòó tuntun wò. Agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ á padà sínú apá ọrun, ọ̀rọ̀ á wá di ọsán já, ọrun dọ̀pá.

Àyẹ̀wò: ẹ lè dáhùn mẹ́ta yìí láìwo ọrun lẹ́ẹ̀kejì: ó ní kẹ̀kẹ́ àbí kò ní? Ó ní ihò bóòtù àbí kò ní? Ìyẹ́ gidi ló wà nídìí ọfà yín àbí ti rọ́bà?

Ìpele 2: Ẹ yan èyí tó bá iṣẹ́ yín mu

Mẹ́rin ni ọdẹ lè gbé lọ sígbó.

*Awọ orí pẹpẹ* rọrùn jù lọ: awọ tín-ín-rín kan lórí pẹpẹ, òmíràn lára ògiri ìdìmú, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ìdìmú tó kọjú sí ọfà. Àjákù awọ lọ́dọ̀ aránbàtà ti tó. Kò ní bóòtù, kò lè ṣẹ́. Ìyẹ́ gidi nìkan ló bá a lọ, torí ìyẹ́ gidi máa ń tẹ̀ bó bá fara kan pẹpẹ. Ti rọ́bà kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń ta ìdí ọfà sókè. Ọrun aláìníkẹ̀kẹ́ ló wà fún.

*Alẹ̀mọ́* jẹ́ ike tàbí rọ́bà kékeré tó ní apá kan tí ọfà ń gùn lé, tí gọ́ọ̀mù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà, ti ọrun aláìníkẹ̀kẹ́ ni. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọrun sínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa nínú oòrùn oṣù kẹta, gọ́ọ̀mù á rọ̀, ìjókòó á sún mìlímítà méjì, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ọfà á fi kọjá lára ẹran.

*Onírun* jẹ́ òrùka tí irun ike yí inú rẹ̀ ká, pẹ̀lú ihò láàárín. Irun ìsàlẹ̀ le ju ti òkè lọ, òun ló ń gbé ọfà. Ẹ lè dorí ọrun kodò, ẹ lè rákò lábẹ́ igbó, ọfà kò ní jábọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé irun ń kan ìyẹ́ nígbà gbogbo: eré ọfà á dín díẹ̀, ìyẹ́ rọ́bà gígùn tó rọ̀ á sì ká wéréwéré. Ìyẹ́ kúkúrú tó le ni kí ẹ lò pẹ̀lú rẹ̀.

*Ajábọ́* ní apá kékeré tó ń gbé ọfà sókè bí ẹ ti ń fa ọsán, tó sì ń ṣubú kí ìyẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó dáadáa, nǹkan kan kì í kan ìyẹ́. Okùn tín-ín-rín kan ló ń darí rẹ̀, okùn yẹn náà sì ni ìṣòro rẹ̀: bó bá já tàbí bó bá yọ̀ nínú igbó, ọrun yín kò wúlò fún ọjọ́ náà.

Fún ọdẹ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú ọ̀dàn Ṣábẹ, tàbí tó ń gun zémìjàn (alùpùpù akérò) láti Kétu lọ sí Idigny pẹ̀lú ọrun lẹ́yìn rẹ̀, onírun ni mo máa sọ pé kó rà bí ọrun rẹ̀ bá ní ihò. Eré tó ń gbà lọ́wọ́ ọfà kò tó nǹkan ní mítà 15 tàbí 20 tí a sábà máa ń ta ẹran sí, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó lè tú lójú ọ̀nà. Ajábọ́ dára fún ẹni tó ń ta ọfà jìnnà, tó sì ní sùúrù láti yẹ okùn wò lójoojúmọ́. Ọrun aláìníkẹ̀kẹ́ tó ń lo ìyẹ́ gidi, ẹ fi awọ sí i, kí ẹ sì gbàgbé ìyókù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ti ọwọ́ ọ̀tún ni, bóyá ihò irun náà bá ọfà yín mu (ọfà gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ààyè díẹ̀ lókè), àti bóyá ìlà ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Èyí tí kò ní ìlà á mú yín wá a tì bí ẹ bá fẹ́ dá a padà síbi tó wà.

Ìpele 3: Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó tú u

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Bí ìjókòó àtijọ́ bá ṣì wà lára ọrun, kódà bó ti ṣẹ́ díẹ̀, ipò rẹ̀ ṣe pàtàkì ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ fi ọfà sórí ọsán, ẹ gbé e lé ìjókòó, kí ẹ kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀:

1. Láti ògiri ìdìmú dé àárín ara ọfà, ní mìlímítà.
2. Láti orí pẹpẹ dé abẹ́ ọfà.
3. Láti ọsán dé ibi tí ó jinnú jù lára ìdìmú. Èyí kì í ṣe ti ìjókòó, ṣùgbọ́n lára ọrun aláìníkẹ̀kẹ́, ọsán tó ti fà gùn máa ń mú ìwọ̀n yìí dín kù, ọfà á ṣe ségesège, ẹ ó sì máa dá ìjókòó lẹ́bi.
4. Ibi tí ọfà ti kan ìjókòó, síwájú tàbí sẹ́yìn ihò bóòtù.

Ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ògiri ìdìmú, kí ẹ fa ìlà sí i ní abẹ́ ọfà. Ẹ ya fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè àti láti ẹ̀yìn.

Àyẹ̀wò: ẹ wọn èkíní àti èkejì lẹ́ẹ̀kan sí i láìwo ohun tí ẹ kọ. Bí wọ́n bá fi ju mìlímítà 1 lọ yàtọ̀ síra, ọwọ́ yín mì. Ẹ tún un ṣe.

Ìpele 4: Ẹ yọ ti àtijọ́

Oníbóòtù kò le. Ẹ ti kọ́kọ́rọ́ wọ inú orí bóòtù dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó yí i. Bí iyanrìn bá kún ibẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ ná.

Alẹ̀mọ́ ló gba sùúrù. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, á họ ọ̀dà ìdìmú, ọ̀rinrin á sì gba ibẹ̀ wọ inú igi. Ẹ gbé ọrun sínú oòrùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí ìjókòó á fi gbóná lọ́wọ́, kí ẹ wá fi okùn ìpẹja sáàárín òun àti ìdìmú, kí ẹ máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń lo ayùn. Gọ́ọ̀mù tó kù, ẹ fi ìka yí i jáde, ẹ wá fi òwú tó ní álíkọ́ọ̀lù díẹ̀ nù ún. Lórí ìdìmú onígi, ẹ kọ́kọ́ dán álíkọ́ọ̀lù náà wò níbi tó pamọ́, nítorí ó máa ń jẹ àwọn ọ̀dà kan.

Ẹ má fi epo kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́) nù ún. Ó ń jẹ ọ̀dà, ó sì ń fi ọ̀rá sílẹ̀ tí gọ́ọ̀mù tuntun kò ní lè dì mọ́. Sódábì, ọtí ògógóró wa, náà kò ṣeé fi rọ́pò álíkọ́ọ̀lù, omi inú rẹ̀ pọ̀.

Àyẹ̀wò: aṣọ funfun tí ẹ fi nu ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde ní funfun. Fún ihò bóòtù, ẹ fi ìka nìkan yí bóòtù wọlé: ó gbọ́dọ̀ lọ yípo mẹ́rin tàbí márùn-ún láìfipá. Bó bá le, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òwú àti álíkọ́ọ̀lù fọ ihò náà, kí ẹ tún gbìyànjú.

Ìpele 5: Ẹ fi tuntun sí i

*Awọ.* Ẹ gé e kó bá pẹpẹ mu. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ́ igi ìṣáná kan sábẹ́ rẹ̀ ní ìbú, lókè gan-an ibi tí ìdìmú jinnú jù. Ibi kékeré tó wú sókè yẹn ni ọfà máa gùn lé. Láìsí i, ọfà á máa fara wọ́ pẹpẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ariwo á sì pọ̀.

*Alẹ̀mọ́.* Ẹ má yọ bébà ẹ̀yìn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fi téèpù bébà dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi ọfà sí i, ẹ ṣe Ìpele 6 pátá, ẹ fa ìlà yí i ká, kí ẹ tó wá yọ bébà kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sínú ìlà. Gọ́ọ̀mù yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku tó ń fò á ti bà lórí gọ́ọ̀mù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Inú ilé ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì nu ibẹ̀ kẹ́yìn kí bébà tó kúrò.

*Onírun àti ajábọ́.* Ẹ fi ìka bẹ̀rẹ̀ bóòtù. Ẹ há a títí ìjókòó kò fi ní mì, ṣùgbọ́n tí ẹ ṣì lè fi ọwọ́ yí i díẹ̀, torí ẹ ṣì máa sún un. Òrùka onírun gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ bí ọrun bá dúró gbọọrọ. Bó bá tẹ̀, irun líle ìsàlẹ̀ kò ní wà nísàlẹ̀ mọ́.

*Okùn ajábọ́.* Ẹ mọ èwo lẹ rà, torí méjì ni wọ́n, wọ́n sì yàtọ̀ pátápátá. Èkíní, okùn ẹ̀gbẹ́ ló ń fà á sókè: ẹ so ó mọ́ okùn ẹ̀gbẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá fa ọsán. Èkejì, apá ọrun ló ń fà á sílẹ̀: okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ le nígbà tí ọrun bá sinmi, kó sì dẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà. Ẹni tó bá so èkíní bí èkejì, ìjókòó rẹ̀ kò ní dìde rárá.

Lára èkíní, ẹ pe ẹnì kan kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kì í ṣe níwájú. Ẹ fi ọfà sí i, ẹ kọjú sí àpò àkísà, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Apá ìjókòó gbọ́dọ̀ dé òkè pátápátá nígbà tó bá ku nǹkan bíi mìlímítà 25 sí 50 kí ẹ fà á tán. Bó bá ti dé òkè tipẹ́, okùn kúrú, á máa na ara rẹ̀ títí á fi já. Bí ẹ bá fà á tán tí kò tíì dé òkè, okùn gùn. Ẹ tún un so ní mìlímítà 5 mìlímítà 5. Bó bá ti bọ́ sí i, ẹ fi iná ìṣáná yọ́ orí okùn náà kí kókó má tú, ṣùgbọ́n ẹ fi pátákó bo ọsán. Fọ́ńrán kan tó bá jóná lára ọsán, ọsán náà ti bàjẹ́.

Àyẹ̀wò: fún gbogbo wọn, bí ẹ bá fa ọsán tán, orí ọfà gbọ́dọ̀ ṣì wà níwájú ìjókòó ní ó kéré tán mìlímítà 25. Ọfà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lè bọ́ sẹ́yìn ìjókòó, ọwọ́ tó di ọrun mú ló máa gún.

Ìpele 6: Gíga, lẹ́yìn náà àárín

Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹ má fọwọ́ kan ojú ìfojúsùn, ìyẹn ohun ara ọrun tí ẹ fi ń wo ibi tí ẹ máa ta, títí gbogbo iṣẹ́ yìí á fi parí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: ọfà yà sí òsì, wọ́n sún ojú ìfojúsùn, ó bọ́ sí i ní mítà 10, ó tún yà ní mítà 20, wọ́n tún sún un. Ìjókòó tó wọ́ ni wọ́n ń fi ojú ìfojúsùn bò mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ọrun láti ẹ̀gbẹ́. Àárín ara ọfà gbọ́dọ̀ kọjá níwájú àárín ihò bóòtù. Ẹ wá gbé ìwọ̀n onígun káfíńtà: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá ọsán lọ, èkejì bá ọfà lọ. Lára ọrun oníkẹ̀kẹ́ tí ẹ ń fi irin ìjálẹ̀ (irin kékeré ọwọ́ tó ń di ọsán mú, tó sì ń jù ú sílẹ̀) fà, ọfà gbọ́dọ̀ wà ní igun 90 gẹ́lẹ́ sí ọsán, tàbí kí ìdí rẹ̀ fi mìlímítà 3 ga, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ọrun tí ẹ ń fi ìka fà, ẹ gbé àmì ìdí ọfà (àmì ara ọsán tí ìdí ọfà ń jókòó sí) sí mìlímítà 10 lókè igun 90, kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí ọfà kò gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ igun 90 láé, torí ìyẹ́ ìsàlẹ̀ á lu ìjókòó, ẹ kò sì ní rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àárín wá kàn. Fún ọrun oníkẹ̀kẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 21 láàárín ògiri ìdìmú àti àárín ọfà (13/16 ínṣì ni). Ọ̀pọ̀ ọrun wà láàárín 19 sí 22; bí ìwé tó bá ọrun yín wá bá sọ iye kan, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n níbi méjì: lẹ́bàá ìjókòó, àti níwájú pátápátá ibi tí ògiri ìdìmú parí sí. Ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ti iwájú bá kéré, ọfà ń kọjú sí ọ̀tún.

Fún ọrun tí ẹ ń fi ìka fà, ojú ni ẹ máa lò. Ẹ fi ọrun ti àga, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ojú kan, ẹ wò ó títí ọsán á fi pín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ sí méjì dọ́gba. Orí ọfà gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ sí òsì ọsán, bí ìdajì ìbú orí náà. Kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn ọsán, torí bí ọsán ṣe ń yọ̀ lórí ìka, ó máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó tì í, ọfà sì nílò ààyè yẹn.

Àyẹ̀wò: ẹ yọ ọfà, ẹ tún un fi síbẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà kan náà lẹ gbọ́dọ̀ rí.

Ìpele 7: Ẹfun lára ìyẹ́

Ẹ lu ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó ta wọ́n, ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹ tẹ́tí. Ọfà kábọ́ọ̀nù tó bá dún kẹrẹkẹrẹ ti sán. Ẹ ṣẹ́ ẹ sọnù, ẹ má tà á, ó lè fọ́ sínú ọwọ́.

Ẹ rẹ ẹfun lílọ̀ tàbí àtíkè sára ìyẹ́ àti ìdí ọfà, ẹ ta ọfà náà sínú àpò láti mítà 5, kí ẹ wá wo ìjókòó, pẹpẹ àti okùn ẹ̀gbẹ́. Funfun lórí awọ tàbí lórí irun kò burú. Funfun lórí ajábọ́ túmọ̀ sí pé kò ṣubú kíákíá tó. Funfun lórí pẹpẹ túmọ̀ sí pé ìjókòó lọ sílẹ̀ jù tàbí ìyẹ́ ga jù. Ẹ yí ẹnu ìdí ọfà díẹ̀ kí ìyẹ́ lè kọjú síbòmíràn. Fún alẹ̀mọ́, ìyẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síta, kúrò lọ́dọ̀ ìdìmú. Fún onírun, ó gbọ́dọ̀ kọjú sókè.

Àyẹ̀wò: ẹ ta ọfà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ẹfun tuntun, láìsí funfun níbi tí kò yẹ.

Ìpele 8: Bébà

Ẹ na ìwé ìròyìn mọ́ férémù, kó ga dé èjìká. Ẹ dúró ní mítà méjì sí i. Àpò àkísà gbọ́dọ̀ wà ní ju mítà kan lọ lẹ́yìn bébà, kí ọfà lè jáde tán lára bébà kó tó wọ inú àpò. Bí àpò bá sún mọ́ ọn jù, irọ́ ni ihò náà á máa pa fún yín. Ẹ ṣe é lẹ́yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kọjá, kì í ṣe nínú igbó tí ìjọba fi pamọ́ bíi ti Dogo ní Kétu. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó bá rí yín pẹ̀lú ọrun níbẹ̀ kò ní gbà pé bébà lẹ wá ta.

Ihò tó dára jẹ́ ihò yíká kan tí ojú ìyẹ́ mẹ́ta sì yí i ká. Bí ó bá fà ya, ibi tí ìyẹ́ ya sí ni ibi tí ìdí ọfà wà:

- Ìdí ya sókè: ẹ gbé ìjókòó sókè, tàbí kí ẹ sọ àmì ìdí ọfà kalẹ̀.
- Ìdí ya sísàlẹ̀: ẹ sọ ìjókòó kalẹ̀. Bí kò bá yí padà, ìyẹ́ ń lu nǹkan. Ẹ padà sí ẹfun.
- Ìdí ya sí òsì, lára ọrun oníkẹ̀kẹ́: ẹ sún ìjókòó sí ọ̀tún, ìyẹn síhà ògiri ìdìmú.
- Ìdí ya sí ọ̀tún: ẹ sún un sí òsì.

Mìlímítà 1 lẹ́ẹ̀kan, ọfà mẹ́ta lẹ́yìn ìsún kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ọfà kan tó ya kò jẹ́ ẹ̀rí; ọwọ́ tó fún ìdìmú mọ́ra jù lè ya bébà ju ìjókòó tó wọ́ lọ. Lára ọrun tí ẹ ń fi ìka fà, yíya sí òsì tàbí ọ̀tún sábà máa ń jẹ́ pé ọfà le jù tàbí ó rọ̀ jù fún ọrun náà. Ẹ má fi ju mìlímítà 2 lọ sún ìjókòó nítorí rẹ̀. Ọfà ni kí ẹ pààrọ̀.

Àyẹ̀wò: ihò mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, tí yíya wọn kò ju mìlímítà 12 lọ. Nígbà yẹn ni ẹ tó lè tún ojú ìfojúsùn tò, ní mítà 10, lẹ́yìn náà 20. Kí ẹ tó gbé orí abẹ lọ sígbó, ẹ ta orí abẹ kan àti orí ìdánrawò kan sí àpò kan náà. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ padà sí bébà.

Ìpele 9: Ẹ há a pa

Ẹ yọ àwọn bóòtù kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan, má ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kán gọ́ọ̀mù búlúù ẹyọ kan sí eyín wọn, ẹ dá wọn padà. Kó má kan ike, torí ó máa ń mú àwọn ike kan sán. Ẹ fi apá kúkúrú kọ́kọ́rọ́ há bóòtù ńlá, kì í ṣe apá gígùn. Ẹ wá fi ọ̀dà èékánná fa ìlà kan láti orí bóòtù bọ́ sórí ìjókòó, àti òmíràn láti ìjókòó bọ́ sórí ìdìmú. Bí ìlà méjì wọ̀nyí bá pín lẹ́yìn ìrìn zémìjàn, ẹ ti mọ̀ kí ọfà kankan tó jáde pé nǹkan sún, ẹ sì mọ ibi tí ẹ máa dá a padà sí.

Ẹ kọ ìwọ̀n tuntun sórí téèpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú apá ọrun tàbí mọ́ ìdí apó. Onírun tí irun ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹ̀ tí ọfà sì sọ̀ kalẹ̀ ju ìwọ̀n tí ẹ kọ lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Awọ tó bá ti ń dán gbinrin níbi tí ọfà ń gbà, ẹ lẹ òmíràn. Okùn ajábọ́ tó bá ti ń yọ fọ́ńrán, ẹ má dúró dìgbà tó máa já.